Fámasí àdúgbò wa: ìbéèrè tí ẹ ń bi wá ṣáá nípa òfin àti àyẹ̀wò, àti ìdáhùn wọn

Àwọn ìbéèrè yìí ló ń tún ara wọn wá láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, torí ẹ̀ la ṣe kó wọn jọ sójú kan. Ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ la ń sọ níbí o, ti Nàìjíríà yàtọ̀.

Ta ni ọ̀gá fámasí ní Bẹ̀nẹ̀ gan-an?

Ministẹ̀ ìlera ló ń fọwọ́ sí ìwé kí fámasí tó ṣí, àmọ́ àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà ni ABMed, Agence béninoise du médicament et des autres produits de santé. Àwọn ló ń yẹ oògùn wò kó tó wọ ọjà, àwọn ló ń rán inspẹ́tọ̀ lọ sí fámasí àti sí ilé ìkẹ́rù àwọn grossiste, ìyẹn àwọn oníṣòwò ńlá tó ń kó oògùn fún fámasí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ táwọn àgbà iṣẹ́ ń pe DPMED tàbí ABRP, orúkọ àtijọ́ nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Ordre, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn tí òfin mọ̀, wà lọ́tọ̀. Apòògùn tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú ìwé Ordre ò lè ṣiṣẹ́, bó ti wù kí dìplómà ẹ̀ tóbi tó, Ordre náà ló sì lè pè é wá jẹ́jọ́ tó bá hùwà tí ò yẹ iṣẹ́.

Òfin tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé báyìí ni òfin 2021-03 ti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021. Kó tó dé, ti ọdún 1975 ló wà nílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ yìí ní Dahomey.

Mo lówó, mo ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì ní Kétu, ṣé mo lè ṣí fámasí?

Rárá, àfi tẹ́ ẹ bá jẹ́ apòògùn. Ẹni tó máa ni fámasí gbọ́dọ̀ ti gba doctorat nínú ẹ̀kọ́ oògùn (nílé níbí, FSS, ilé ẹ̀kọ́ ìlera ti yunifásítì ní Kútọnù, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ), kí orúkọ ẹ̀ wà ní Ordre, kí ministẹ̀ sì fún un ní ìwé àṣẹ fún ojú ibi tó fẹ́ ṣí i sí gan-an. Kì í kàn án ṣe ibi tó bá ṣáà ti wù ú, wọ́n máa ń wo iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ àti bí fámasí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣe jìnnà sí i tó, kí gbogbo wọn má baà kó jọ sí Kútọnù kí ará Ṣábẹ̀ẹ́ máa wá kiri.

Apòògùn kan, fámasí kan. Kò lè ní ọ̀kan l'Àjàṣẹ́ kó tún ní òmíì ní Pobè. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn lè yá orúkọ apòògùn lò, kí orúkọ ẹ̀ wà lára ìwé, kí olówó máa darí ọjà láti ẹ̀yìn. Ẹ má dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ṣe é, torí lọ́jọ́ tí oògùn bá ṣe èèyàn ní jàǹbá, ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lára ìwé ni wọ́n máa pè.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín fámasí, dépôt àti oògùn tí wọ́n ń tà ní sáńtà ìlera?

Fámasí ni èyí tí apòògùn ní tó sì ń darí fúnra ẹ̀. Dépôt wà fún abúlé àti ìlú kékeré tí fámasí ò tíì dé, ẹni tó ni ín lè má jẹ́ apòògùn, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, oògùn díẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀ nìkan ló lè tà, ọwọ́ fámasí ló sì ti gbọ́dọ̀ máa rà á. Tó bá ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kì í ṣe dépôt mọ́, oògùn ọjà ló ń tà.

Sáńtà ìlera àti ọsibítù ìjọba máa ń gba tiwọn láti SoBAPS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pín oògùn, àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ CAME tí gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn aláìsàn tó bá wá sọ́dọ̀ wọn ni oògùn yẹn wà fún.

Tí inspẹ́tọ̀ bá dé fámasí, kí ni wọ́n ń wò?

Nǹkan tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni ìwé, ìwé àṣẹ fámasí, ìwé Ordre, ìwé àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á sì wò ó bóyá apòògùn gan-an wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, níbo ló wà, ta ló fi sípò ara ẹ̀, ṣé apòògùn lẹni náà? Fámasí tí kò sí apòògùn kankan nínú ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, bí àwọn pẹpẹ ibẹ̀ tilẹ̀ mọ́ roro.

Lẹ́yìn náà ni fátọ̀, ìwé ọjà. Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, tí mo bá sì ń bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo máa ń pẹ́ sí. Inspẹ́tọ̀ lè mú buwátì (páálí oògùn) kan ṣoṣo lórí pẹpẹ, kó ka nọ́ńbà lọ́tù ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí gbogbo oògùn tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ń jẹ́, kó ní ẹ fi hàn òun ibi tẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ gbọ́dọ̀ lè mú fátọ̀ grossiste tó níwèé àṣẹ jáde, kí grossiste náà lè fi hàn bí ó ṣe gbà á látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Tó bá já níbì kan, kò sẹ́ni tó lè búra pé oògùn yẹn ò tíì sùn nínú oòrùn rí, tàbí pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo òfin tó kù, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, torí kí okùn yìí má baà já ni wọ́n ṣe ṣe é.

Wọ́n máa ń wo ibi ìkóoògùn sí náà. Ooru ilẹ̀ wa ò jẹ́ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: ọ̀pọ̀ oògùn ni wọ́n kọ 25 tàbí 30 digirí sí lára pé kí ooru má kọjá ẹ̀, ínsúlínì àti àjẹsára sì gbọ́dọ̀ wà láàárín digirí 2 sí 8. Frígò gbọ́dọ̀ ní tẹmọmẹ́tà, kí ẹnì kan sì máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Tí iná bá lọ ńkọ́? Wọ́n á bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Ẹ má sì rò pé tó bá ti tutù jù ló dáa jù o, ínsúlínì tó bá dì ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ṣe é lò mọ́ kódà tó bá yọ́ padà.

Ó tún ku kọ́bọ́ọ̀dù oògùn líle bíi mọfíìnì, tó gbọ́dọ̀ wà ní títì pa pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n á ka èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á ka èyí tó wà nínú ìwé, méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Àti oògùn tí ọjọ́ ẹ̀ ti lọ, tó gbọ́dọ̀ ní àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀ jìnnà sí èyí tí wọ́n ń tà.

Ṣé wọ́n máa ń sọ fún fámasí kí wọ́n tó dé?

Nígbà mìíràn wọ́n á sọ, pàápàá tó bá jẹ́ ti kí fámasí tuntun tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà mìíràn ẹ ó kàn rí wọn ni. Èyí tí wọn ò sọ yẹn ló dáa jù, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n á rí bí nǹkan ṣe rí lóòótọ́.

Tí wọ́n bá wò ó tán, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, apòògùn á sì kọ èsì: ohun tó máa tún ṣe àti ìgbà tó máa fi ṣe é. Wọ́n lè padà wá wò ó.

Ẹni tó ta oògùn fún mi kì í ṣe apòògùn, ṣé ó bófin mu?

Ó bófin mu. Àwọn òṣìṣẹ́ wà tó ń bá apòògùn tà á, àmọ́ lábẹ́ ojú ẹ̀ ni, ọrùn ẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí wọ́n bá tà wà. Ẹ̀tọ́ yín ni láti ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá apòògùn sọ̀rọ̀.” Ẹ má tijú. Màmá tó lóyún, bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n tún kọ òmíì fún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, apòògùn gan-an ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò ta oògùn fún mi nígbà tí mi ò mú ordonnance wá? Owó mi wà lọ́wọ́ mi.

Torí oògùn kan wà tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ jáde láìsí ìwé dókítà. Lára buwátì tó ń ti Faransé wá ẹ ó rí i: ìlà pupa yípo fún Liste I, ìlà àwọ̀ ewé fún Liste II. Tramadol wà nínú irú èyí, ọ̀pọ̀ àntíbáyótíìkì náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá tà á fún yín, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sára ordonnance yín.

Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn, pàápàá ẹni tó wá láti oko tó sanwó zem (ọ̀kadà), tí wọ́n wá ní kó padà lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n apòògùn tó kọ̀ láti tà á ń dáàbò bò yín ni, torí àntíbáyótíìkì tí a lò ní ìdajì tàbí tí a lò fún àìsàn tí kì í ṣe tiẹ̀ ló ń sọ kòkòrò di alágbára, lọ́jọ́ tí ẹ bá wá nílò ẹ̀ lóòótọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ ní kó bá yín wo ohun tó ń ṣe yín, ó lè ní nǹkan mìíràn tí kò gba ìwé.

Ṣé fámasí kan lè ta oògùn wọ́n ju èkejì lọ?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló ń fọwọ́ sí iye owó oògùn, iye tí ẹ rà á ní Ouando ló yẹ kẹ́ ẹ rà á ní Ṣábẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá oògùn kan náà ni: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, iye miligíráàmù, iye kọ̀mprímé (hóró oògùn) tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, ọ̀kan jẹ́ jẹ́nẹ́ríìkì (oògùn kan náà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe láìlo orúkọ ti àkọ́kọ́), èkejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá bára mu tí owó ò bára mu, ẹ gba tikẹ́ (rìsíìtì), ẹ mú un lọ bá apòògùn.

Fámasí de garde, èyí tó ń ṣí lóru: báwo ni wọ́n ṣe ń yàn án, ṣé ó lè tì?

Wọ́n pín in kàn wọn ni, tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lóru, kódà tó bá jẹ́ pé láti ojú fèrèsé kékeré ló ti ń tà torí ààbò. Tó bá tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n lè bá a ṣẹjọ́ ẹ̀.

Oògùn yìí ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ló dé tí fámasí wa ò ní í?

Ìbéèrè àwọn ará Kétu, Ilara àti Igolo nìyí, ó sì dáa tí wọ́n ń béèrè. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé Nàìjíríà yẹ oògùn yẹn wò, ó sì gbà kí wọ́n tà á ní Nàìjíríà. Ní Bẹ̀nẹ̀, AMM ni oògùn nílò, ìwé àṣẹ tí ABMed ń fún un kó tó lè wọ ọjà wa. Ìlànà tí gbogbo orílẹ̀-èdè UEMOA, àwọn tí wọ́n jọ ń ná sẹ́fà, jọ fọwọ́ sí lọ́dún 2010 ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ọdún 5 ni AMM fi ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Nàìjíríà ò sí nínú UEMOA. Pé a jọ wà nínú CEDEAO (ECOWAS) ò sọ pé ìwé oògùn wọn ti di ìwé tiwa.

Kò túmọ̀ sí pé oògùn tó ní NAFDAC burú o. Oògùn kan náà lè ní NAFDAC lọ́hùn-ún kó ní AMM níbí. Èyí tí kò bá ní AMM, fámasí ò gbọ́dọ̀ gbé e sórí pẹpẹ, tí inspẹ́tọ̀ bá rí i níbẹ̀ ọjà tí kò gba ojú ọ̀nà wọlé ni wọ́n máa pè é. Àti pé nọ́ńbà lára páálí rọrùn láti tẹ̀, ayédèrú náà máa ń ní nọ́ńbà NAFDAC lára.

Màmá oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wa ń ta paracetamol lẹ́yọ lẹ́yọ, ọjọ́ ti pẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni. Kí ló burú níbẹ̀?

Mo bọ̀wọ̀ fún màmá náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn búburú, ó fẹ́ jẹun ni, àwọn èèyàn sì ní 100 sẹ́fà péré lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin ò fàyè gbà á, ìdí wà. Kọ̀mprímé tí wọ́n gé kúrò lára àwọn yòókù ti pàdánù nọ́ńbà lọ́tù àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Màmá ò mọ ibi tí ẹni tó tà á fún òun ti rà á, ẹni yẹn náà ò mọ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ lọ́dún 2017 pé nínú oògùn 10 ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ó tó 1 tó jẹ́ ayédèrú tàbí tí kò dáa tó. Lọ́dún 2008 ní Nàìjíríà, siró kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní diethylene glycol nínú, ohun tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ tí kò yẹ kó dé ẹnu èèyàn. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, OMS tún ní kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún siró ikọ́ mẹ́rin tí wọ́n rí ní Gambia, irú májèlé yẹn náà ló wà nínú wọn, kíndìnrín àwọn ọmọ ló ń bàjẹ́. Ìyá tó fún ọmọ ní siró yẹn ò ṣe nǹkan burúkú kankan, ó ń tọ́jú ọmọ ẹ̀ ni.

Kútọnù ni wọ́n ti ka Ìpè Kútọnù lórí oògùn ayédèrú, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, oṣù kejì ọdún 2017 sì ni ọlọ́pàá wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnù, lọ kó oògùn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe màmá àdúgbò yín nìkan ni wọ́n ń bá jà.

Àgbo ńkọ́?

Àgbo tí bàbá onísègùn se fún ẹni tó wá bá a nílé wà lábẹ́ ìlànà ìṣègùn ìbílẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di ohun tí wọ́n rọ sínú ìgò, tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń wo àìsàn báyìí báyìí, tí wọ́n sì fẹ́ kí fámasí máa tà á, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ bí oògùn yòókù. Ẹ sọ fún apòògùn tẹ́ ẹ bá ń mu àgbo pẹ̀lú oògùn òyìnbó, kò ní bú yín, ó fẹ́ mọ̀ kí àwọn méjèèjì má baà bára wọn jà nínú yín ni.

Mo ra oògùn lánàá, dókítà ní ká pààrọ̀ ẹ̀, mi ò tíì ṣí i, fámasí ò gbà á padà. Ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?

Kì í ṣe olè. Oògùn tó bá ti jáde kúrò ní fámasí, wọn ò gbọ́dọ̀ tún un tà fún ẹlòmíì. Wọn ò mọ ibi tó sùn mọ́jú, bóyá inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, bóyá ẹ̀gbẹ́ iná ìdáná. Ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ kí wọ́n ta èyí tí ẹnì kan dá padà fún ọmọ yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó ni kẹ́ ẹ béèrè gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè, tí oògùn náà bá wọ́n, ẹ fi fóònù pe dókítà níwájú kàńtà.

Èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ti lọ nílé yín, ẹ má jù ú sínú kòtò tàbí odò, ẹ má sì fún aládùúgbò. Ẹ bi fámasí yín bóyá wọ́n lè bá yín kó o mọ́ tiwọn, torí wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa á run pẹ̀lú ìwé.

Oògùn tí mo rà ní fámasí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ yí padà, tàbí ó ṣe mí bákan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má ju buwátì nù. Nọ́ńbà lọ́tù tó wà lára ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ àti tikẹ́ padà sí fámasí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló yí àwọ̀ padà, apòògùn á mọ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ABMed, ẹ̀yin náà sì lè sọ fún wọn fúnra yín tàbí kí dókítà yín bá yín sọ ọ́.

Tí wọ́n bá rí i pé lọ́tù kan ò dáa, wọ́n á ní kí gbogbo fámasí kó o kúrò. Fámasí tó ní fátọ̀ pé pérépéré á mọ láàárín wákàtí kan iye tó gbà àti iye tó kù. Oògùn ọjà ò ní irú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pè é padà.

Kí ni wọ́n lè ṣe fún fámasí tó bá rú òfin?

Ó dá lórí ohun tó ṣe. Tó bá jẹ́ pé ìwé tẹmọmẹ́tà ò pé, wọ́n á ní kó tún un ṣe. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè ti fámasí fún ìgbà díẹ̀ tàbí kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, Ordre lè dá apòògùn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ti kan oògùn ayédèrú tàbí ọjà tí kò gba ojú ọ̀nà, ó ti di ti ilé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́ o, Ordre lè ṣe tiẹ̀ kí adájọ́ ṣe tiẹ̀.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní fámasí. Ẹnì kan wọlé, ó ní inspẹ́tọ̀ lòun, ó ní ká “ṣe nǹkan” kóun máa lọ. Kí ni ká ṣe?

Ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un níjòókòó, kẹ́ ẹ wá béèrè káàdì iṣẹ́ ẹ̀ àti ìwé tí ABMed fi rán an, ordre de mission. Inspẹ́tọ̀ tòótọ́ kì í bínú sí i, ó ti mọ̀ pé wọ́n máa béèrè. Ẹ pe apòògùn yín lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan nídìí oògùn.

Inspẹ́tọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ yín ní kàńtà. Tó bá ń béèrè, bóyá inspẹ́tọ̀ ni àbí kì í ṣe inspẹ́tọ̀, ẹ kọ orúkọ tó wà lára káàdì ẹ̀, ọjọ́, aago àti ohun tó sọ sílẹ̀, kí apòògùn kọ lẹ́tà sí ABMed. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe wà ní fámasí yín lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé. Àṣìṣe tó wà nínú ìwé ṣe é tún ṣe, èyí tẹ́ ẹ fowó bò, ẹni náà á máa padà wá gbowó lórí ẹ̀ ni.

Wọ́n ń ta oògùn lórí WhatsApp, wọ́n ní wọ́n á gbé e wá sílé l'Àjàṣẹ́. Ṣé ìyẹn náà wà lábẹ́ òfin?

Òfin tó de ẹni tó ń tà á lójú ọ̀nà ló de ẹni tó ń tà á lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n: fámasí wo ni, àdúgbò wo ló wà, ta ni apòògùn ibẹ̀? Tí wọ́n bá dárúkọ fámasí kan, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù fámasí náà, ẹ má pe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Tí wọn ò bá ní ibì kan tí inspẹ́tọ̀ lè wọ̀ lọ yẹ̀ wò, ẹ má rà á, pàápàá oògùn agbára ọkùnrin tó pọ̀ jù níbẹ̀.